Hámà ojú irin tó ti gbó: èwo ló ṣeé tún ṣe, èwo la ó jù nù?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà lórí hámà àti ṣísù ló pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí, mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ti èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà ló gba àlàyé jù, torí náà òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohio ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ní rélùwéè kékeré kan ṣiṣẹ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ gbé àwọn tó wá gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn mo rí òkìtì hámà elórí gígùn tí wọ́n fi ń gbá ìṣó mọ́ igi abẹ́ irin, hámà ńlá lásán náà wà níbẹ̀, àti ṣísù tó ní igi ìdìmú tí wọ́n fi ń gé irin láyé àtijọ́. Gbogbo ẹ̀ ti dípẹtà, orí àwọn kan ti fẹ̀ jáde, àwọn kan ti já létí. Fọ́máànù wa ní kí n fi gíráíńdà tún gbogbo ẹ̀ ṣe kó dà bíi tuntun. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bàbá Ìbejì, Ohio.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Rárá o, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ṣeé ṣe. Kẹ́ ẹ tó tan gíráíńdà rárá, ẹ kọ́kọ́ pín òkìtì yẹn sí méjì: àwọn tó ń lu nǹkan, àti àwọn tí wọ́n ń lù. Hámà ló ń lu nǹkan. Ṣísù, wẹ́ẹ̀jì, irin tí wọ́n fi ń ti nǹkan jáde nínú ihò, àwọn yẹn ni wọ́n ń lù. Irin wọn ò rí bákan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Orí ṣísù tí hámà ń bà, ẹni tó rọ ọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó rọ̀ ju ojú hámà lọ, kó lè máa tẹ̀ dípò kó máa fọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti lù ú pẹ́, orí ẹ̀ á fẹ̀ jáde yíká bí olú. Pé ó fẹ̀ ò burú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́, ohun tó burú ni kéèyàn máa lù ú lọ bẹ́ẹ̀, torí etí tó fẹ̀ yẹn ti gan, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọjọ́ kan ni hámà á bà á tí èérún irin á já lára ẹ̀, kò ní tóbi ju èékánná lọ, á sì wọ ojú tàbí ọrùn tàbí itan ẹni tó dúró nítòsí. Òfin OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, fún iṣẹ́ ìkọ́lé, apá 1926.301, sọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré pé ṣísù, wẹ́ẹ̀jì àti irú wọn ò gbọdọ̀ ní orí tó ti fẹ̀. Àwọn yẹn ẹ lè pọ́n wọn, kódà dandan ni.

Ojú hámà ní tiẹ̀ le. Tó bá máa bà jẹ́, kì í sábà tẹ̀, jíjá ló sábà máa ń já. Èyí tẹ́ ẹ rí tó ti já létí yẹn, ẹ má wo ojú ibi tó já nìkan, irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti lè sán wọnú lọ láìhàn síta, tẹ́ ẹ bá wá fi gíráíńdà pọ́n ọn kó dán, àmì tó yẹ kó kìlọ̀ fún ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn yín lẹ kàn nù dànù. Àwọn tó ń ṣe hámà l'Amẹ́ríkà ò fi ọ̀rọ̀ yìí bọpo bọyọ̀: tí ojú hámà bá ti já, tó sán, tó ní ojú kòtò, tàbí tó ti fẹ̀ jáde, ẹ jù ú nù, ẹ má pọ́n ọn, ẹ má ní kí wẹ́dà jó o, ẹ má tún un kì bọ iná. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ní àwọn ti ń fi fáìlì tọ́jú ojú hámà kí wọ́n tó bí mi, ó dáa, àmọ́ owó hámà tuntun ò tó owó dókítà ojú. Àwọn rélùwéè ńlá tó ń gba irinṣẹ́ wọn padà sílò, ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ibi tí jíjẹ ẹ̀ dé ni wọ́n ń kó o lọ, ṣọ́ọ̀bù tó lè wo inú irin bóyá ó sán, kì í ṣe gíráíńdà orí tábìlì inú ṣẹ́ẹ̀dì.

Hámà elórí gígùn yẹn ní wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ti rí i pé orí ẹ̀ tín-ín-rín ó sì gùn, ojú ẹ̀ kékeré, ó sábà máa ń wọn páùn 8 tàbí 10, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ máa na ọwọ́ kọjá orí irin kẹ́ ẹ tó ba ìṣó tó wà lódìkejì. Ìṣó yẹn fúnra ẹ̀, ínṣì 6 ló gùn. Tí etí ojú hámà bá ti jẹ tó yí róbótó, kò ní jókòó sórí ìṣó mọ́, á yọ̀, yálà kí ìṣó fò tàbí kí hámà lọ bá irin fúnra ẹ̀. Irin ojú ọ̀nà le gan-an, hámà náà le, nígbà tí líle bá pàdé líle, ọ̀kan á já. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi hámà ìṣó lu irin, wọn kì í fi lu ṣísù, ìṣó nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà lu hámà láéláé, kódà kó jẹ́ pé ọ̀kan ló há síbì kan tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́.

Báyìí, àyẹ̀wò. Ẹ fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì gé ìpẹtà kúrò lára gbogbo wọn títí irin á fi hàn. Lẹ́yìn náà ẹ da epo òyìnbó sínú ike, ẹ rẹ orí hámà tàbí ṣísù sínú ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná kẹ́ ẹ wọ́n ọn sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Ibi tó bá sán, epo tó ti wọnú ẹ̀ á máa sun jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí ìlà dúdú tín-ín-rín lórí funfun, nígbà míì á rọra yí ihò igi ká, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní ronú kàn. Èyí tó bá yọ ìlà, ẹjọ́ ti parí, ẹ fi ayùn gé igi ẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún lórí kẹ́nikẹ́ni má bàa yọ ọ́ nínú pàǹtí padà wá. (Wọ́n máa yọ ọ́ o, tẹ́ ẹ ò bá kùn ún. Mo mọ àwọn èèyàn.)

Èyí tó bá kọjá àyẹ̀wò, tó jẹ́ hámà, tí ojú ẹ̀ dọ́gba tí kò já: ẹ fi igi tuntun sí i, ó parí, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ṣísù la fẹ́ pọ́n. Ẹ dè é mọ́ báìsì tàbí kẹ́ ẹ lo gíráíńdà orí tábìlì. Tó bá jẹ́ tí orí tábìlì, irin tẹ́ ẹ máa gbé ṣísù lé níwájú òkúta tó ń yí tó ń pọ́n irin ò gbọdọ̀ jìnnà sí òkúta yẹn ju mìlímítà 3 lọ, ìdérí òkè ò gbọdọ̀ jìnnà ju mìlímítà 6 lọ, bí ó bá jìnnà jù ṣísù á há sí àárín, òkúta á fọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé òkúta tuntun wọ̀ ọ́, ẹ fi ìka gbé e dání nínú ihò àárín ẹ̀, ẹ fi igi kékeré kàn án, tó bá dún gbagangbagan ó dáa, tó bá dún bọ̀ọ̀ ó ti sán. Tẹ́ ẹ bá tan án, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó kọjú sí i. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́nu gbọọrọ, ẹ má wọ bùbá ọlọ́wọ́ yẹyẹ.

Ẹ pọ́n etí tó fẹ̀ jáde yẹn títí ẹ ó fi kọjá gbogbo ibi tó sán, kò ṣeé fi díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti dọ́gba pẹ̀lú ara ṣísù, ẹ wá gé etí òkè ẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀ yíká, bí mìlímítà 5 báyìí, kí àárín orí ẹ̀ yọ díẹ̀ kí hámà lè máa ba àárín dípò etí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ rọra, ẹ fi omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa kì í bọ omi léraléra, bí ọwọ́ yín ò bá ti lè fara dà á, ó ti gbóná jù. Ẹnu tó ń gé irin gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù, tẹ́ ẹ bá rí i tí àwọ̀ ẹ̀ yí padà di yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ó ti tó bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá di búlúù ó ti súnmọ́ 300, líle tí wọ́n fi sí i ti ń yọ́ lọ nìyẹn, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn ò lè dá a padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ fi fáìlì fà á: ibi tó ṣì le fáìlì á yọ̀ kọjá, ibi tó ti rọ̀ fáìlì á jẹ ẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń lò ó, ojú hámà tẹ́ ẹ máa fi lù ú gbọ́dọ̀ fi bíi mìlímítà 10 fẹ̀ ju orí ṣísù lọ. Ẹni tó di ṣísù mú kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lù, kò gbọdọ̀ kọjú sí i. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ rélùwéè l'Amẹ́ríkà ti pa ṣísù yìí tì, ẹ̀rọ ayùn ni wọ́n fi ń gé irin báyìí, tí tiyín bá ní ẹ̀rọ yẹn ẹ kó ṣísù wọ̀nyẹn fún àwọn àlejò wò.

Ọ̀kan tí ẹ ò bi mí: tẹ́yin méjì bá ń gbá ìṣó kan náà, ẹ jọ fi ẹnu sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ta ló ń kọ́kọ́ lù, ta ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn dúdú tó ṣe iṣẹ́ yìí ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ máa ń kọrin sí i ni, ẹnì kan á máa lé, àwọn yòókù á máa gbè, bí ègbè bá ti bọ́ síbì kan náà ni gbogbo ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ti ojú irin bọ́ sí ààyè ẹ̀ á jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Lílé àti ègbè bíi tiwa gẹ́lẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, Ọ̀ṣogbo ni mo wà, wẹ́dà ni mí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n fi hámà ńlá méjì sílẹ̀ fún mi, ojú ẹ̀ ti jẹ. Ṣé mi ò lè fi ẹlẹ́kítíróòdù tó le jó ojú ẹ̀ kún, kí n wá pọ́n ọn? Àbí kí n gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó kì í bọ iná kó sì rì í sínú epo?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́, àmọ́ fi èyí sílẹ̀. Irin hámà kì í ṣe irin gẹ́ètì. Kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ pọ̀, tó o bá jó o, ibi tó kan ojú jíjó á tutù kíákíá á sì gan bíi gíláàsì, ibi tó tẹ̀ lé e á sì rọ̀, hámà kan ṣoṣo á wá ní ibi líle àti ibi rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àárín méjèèjì ló máa sán. O ò ní rí i. Á dán, á lẹ́wà, wà á lù ú lọ lù ú bọ̀, ọjọ́ kan ni gbogbo ibi tó o jó yẹn á ṣí kúrò lódidi.

Ti iná àti epo, o ò mọ irú irin tó jẹ́, alágbẹ̀dẹ náà ò mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn máa fojú bù ú ni. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè tún ẹnu ṣísù ṣe tó bá jẹ́ irin kábọ́ọ̀nù lásán, mo ti dúró ti àwọn tó ń ṣe é, ó wuni wò: ó ń kì ẹnu ẹ̀ nìkan bọ iná títí mágínẹ́ẹ̀tì ò fi ní lè mú un mọ́, ìyẹn tó bíi 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó rì í sómi díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi òkúta ha ojú ẹ̀ kó funfun, ó wá ń wò ó bí àwọ̀ ṣe ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn, yẹ́lò, búráùn, pọ́pù, bí pọ́pù bá ti dé ẹnu ṣísù ó rì í lódidi. Orí tí hámà ń bà ò gbọdọ̀ pọ́n nínú iná kó tó rí omi. Ṣísù tí wọ́n bá tún ṣe báyìí dáa fún bíríkì àti kọnkéré, mi ò ní gbé e lọ sójú irin.

Hámà bàbá ẹ, gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ojú irin Èkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, irú hámà bẹ́ẹ̀ ló gbé e dúró, ọ̀nà tóóró tí àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1067. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, mìlímítà 1435 ni, kan náà pẹ̀lú ti Bàbá Ìbejì l'Ohio, ṣùgbọ́n kọnkéré ló wà lábẹ́ ẹ̀, kílíìpù ló sì dì í mú, kò sí ìṣó tí èèyàn ń gbá níbẹ̀. Àti pé, mo mọ̀ pé kò kàn ẹ́, àmọ́ wẹ́dà ni ẹ́: ẹni tó bá gbé kílíìpù tàbí irin ojú ọ̀nà wá tà fún ẹ ní kílò, lé e. Ọkọ̀ tó kún fún èèyàn ló ń bọ̀ lórí ibi tó ti tú u.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Irinṣẹ́ ni mo ń tà n'Ìbàdàn. Àwọn kọsítọ́mà mi sọ pé orí hámà máa ń yọ fò, àwọn kan ti ní kí wẹ́dà jó páìpù mọ́ ọn dípò igi. Irú igi wo ló dáa? Ìyá Káfáyá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Káfáyá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jáwọ́ nínú páìpù. Iná wẹ́dà á ba orí hámà jẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé fún àbúrò wa l'Ọ̀ṣogbo, páìpù ò sì ní gba ìgbọ̀nrìrì sára, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló máa gbà á.

L'Amẹ́ríkà igi hickory ni wọ́n ń lò fún hámà ojú irin, ínṣì 36 ló sábà máa ń gùn. Níbí, igi àyìn dáa, ó le ó sì ń fà. Kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ wo ìdí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, ìlà inú igi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ibi tí ihò hámà gùn sí, tó bá dábùú ihò, á la. Kò gbọdọ̀ ní kókó. Ẹ jẹ́ kó wọ ihò dé ìsàlẹ̀ kó sì yọ díẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ wá gbá wẹ́ẹ̀jì onígi sínú ibi tẹ́ ẹ là, kẹ́ ẹ fi ti onírin dábùú ẹ̀. Ẹ má kun ún lọ́dà, ọ̀dà máa ń bo ibi tó sán. Àwọn tó ń rẹ orí hámà sómi mọ́jú kó lè fún, tó bá gbẹ tán ni wọ́n á rí i pé ó ti yọ̀ ju tàná lọ. Àti igi tó ti ṣẹ́ sínú hámà, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ sun ún kó lè jáde, iná yẹn kan náà ló ń ba líle irin jẹ́. Kí wọ́n gé e kí wọ́n sì tì í jáde.

Òróró linseed ni kẹ́ ẹ fi pa igi náà. Ẹ má ká àkísà tẹ́ ẹ fi pa á jọ sígun o, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé gíláàsì òòrùn tó fún ẹni tó ń lo hámà? Nǹkan kan ta sí ọ̀rẹ́ mi lójú nígbà tó ń lu irin, ó ní kò dun òun púpọ̀, ó ti lọ sùn.

ÌDÁHÙN: Kò tó. Awò ààbò ni, èyí tí wọ́n kọ Z87, àmì ìlànà ààbò ojú ti Amẹ́ríkà, sí lára férémù ẹ̀, tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹni tó di hámà mú nìkan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, jọ̀ọ́, jí i. Pé kò dùn ún ò túmọ̀ sí nǹkan kan, èérún irin tó kéré lè gba ojú wọlé kó má dà bíi pé nǹkan ṣe é ju kí eruku ta sí i lọ, egbò ẹ̀ á ti pa dé, irin á sì wà nínú níbẹ̀ tó ń dípẹtà, ó lè ba ojú yẹn jẹ́ pátápátá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kó má ra ojú, kó má bù omi sí i, kó má fi ìka tàbí aṣọ wá nǹkan nínú ẹ̀, ẹ wá nǹkan líle bíi ife ike bo ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì máa lọ ọ̀dọ̀ dókítà ojú lónìí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere pé irin ló ń lu irin. X-ray tàbí CT, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n máa fi wá a, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ MRI kí wọ́n tó mọ̀ bóyá irin wà níbẹ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yẹn lè fa irin náà kúrò níbi tó wà nínú ojú.